Ẹ̀kúnwọ́ Ìyẹ̀fun Pákó

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí aago ara ògiri yàrá àwọn eku sọ pé aago méje àárọ̀ ti kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, mo ṣí ìdérí kéèjì kẹrin, mo sì rí i pé mẹ́ta nínú eku márùn-ún tó wà nínú rẹ̀ ti kú. Mo dárúkọ aago ara ògiri nítorí pé aago ọwọ́ mi máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta yá jù ú lọ, n kò sì mọ èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Ọ̀kan nínú àwọn òkú náà kò ní ìrù mọ́. Wọ́n ti jẹ ìdí èkejì dé egungun. Ẹ̀kẹta dà bíi pé ó sùn ni, àfìgbà tí mo yí i padà tí mo rí ikùn rẹ̀. Nínú àwọn méjì tó kù, ọ̀kan sá sí kọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Èkejì dúró lórí òkú, ó ń fi ọwọ́ nu ẹ̀jẹ̀ kúrò ní imú rẹ̀, kò sì kánjú rárá.

Àkúrẹ́ la wà, ní ilé kan tó yà díẹ̀ kúrò ní ọ̀nà Ọ̀dà. Iṣẹ́ ilé náà rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. A máa ń gba oríṣiríṣi ìran eku funfun tí àwọn onímọ̀ ti yọ ẹyọ àbùdá kan, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara, kúrò lára wọn, ẹyọ tó sọnù lára ìran kan kì í ṣe èyí tó sọnù lára ìran mìíràn. A ó wá wọn gbogbo ohun tó bá ṣeé wọ̀n lára wọn: ìwúwo wọn, gígùn ìrù, agbára ọwọ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ta gìrì tí nǹkan bá dún, bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn gbé. A ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a ó sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó níbikíbi. Ẹni tó ń wá ìdí àìsàn kan lókè òkun lè ṣí àkọsílẹ̀ wa kó sì gbà á gbọ́. Kò ní mọ̀ wá, kò ní rí yàrá wa. Ohun tí a bá kọ nìkan ló máa rí.

Èmi ni mo ń wọ̀n wọ́n tí mo sì ń kọ ọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ sì nìyẹn. Bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Oǹdó ló ń tọ́jú àwọn eku náà. Ó ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó sì ku oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, òun ló máa ń kó wọn kúrò nínú kéèjì tó ti dọ̀tí sínú èyí tí a ti fọ̀, tí a sì ti da ìyẹ̀fun pákó tuntun láti sọ́míìlì sí. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń pè mí, bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi ọmọdébìnrin ṣeré. Mo máa ń dáhùn.

Ó wọlé bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó na ọrùn wo inú kéèjì.

"Ìran burúkú," ó ní. "Ìyàwó mi, wọ́n bí ìjà mọ́ wọn ni."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀, bàbá."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀ kẹ̀? Ìwọ àti 'ó lè' rẹ. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, tí pásítọ̀ bá bi ọ́ bóyá o fẹ́ ọkùnrin yìí, wàá ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó fi ọwọ́ gbé àwọn òkú náà sínú àpò ọ̀rá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọjọ́bọ̀, òkú ti wà nínú kéèjì mẹ́jọ nínú méjìdínlógún tí àwọn akọ ìran náà wà, kò sì sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Mo rí èyí tí wọ́n ti fa nǹkan ọkùnrin rẹ̀ ya. Mo rí èyí tó ṣì ń mí nígbà tí èkejì rẹ̀ ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn.

Ní ọjọ́bọ̀ náà ni ọ̀gá wa wá. Obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè ni. Ó ka ìwé mi tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Àbùdá wọn ló ń pa wọ́n, tàbí ọwọ́ ènìyàn? Sọ ọ̀kan fún mi."

"Mi ò tíì mọ̀, mà."

"Ọ̀sẹ̀ méjì sí ọ̀la ni àkọsílẹ̀ ìran yìí máa jáde. Tó bá jẹ́ àbùdá ni, ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí la rí yẹn. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni, ẹnì kan ṣoṣo ló ń fọwọ́ kàn wọ́n. Á lọ sílé ọjọ́ náà, mi ò sì ní fọwọ́ sí lẹ́tà ìfẹ̀yìntì kankan fún un. Á lọ bí ẹni tí wọ́n lé."

Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú korobá omi lọ́wọ́. N kò lè sọ pé ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rí i pé ó gbé korobá náà sílẹ̀, kò sì gbé e mọ́ títí ọ̀gá fi lọ.

Ìṣòro mi rèé. Ọ̀gá fẹ́ kó jẹ́ àbùdá. Bàbá nílò kó jẹ́ àbùdá. Èmi náà, bí mo bá sọ òótọ́, fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì sí àkókò kan tí ìran náà wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí bàbá, nítorí náà n kò ní bí mo ṣe lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: ìran yìí ni àkọ́kọ́ tí a kó akọ márùn-ún pọ̀ sínú kéèjì kan, nítorí kéèjì kò tó. Méjì méjì ni tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, bàbá lọ sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Oǹdó, èmi ni mo sì pààrọ̀ àwọn kéèjì. Mo ṣe é bí mo ṣe kà á nínú ìwé kan ní yunifásítì. Mo gbé ìtẹ́ wọn, ìyẹn ìwé tí wọ́n ti fi ẹnu ya wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń sùn sí, mo kó o sínú kéèjì tuntun, mo sì da ìyẹ̀fun pákó tó ti dọ̀tí nù. Títí di ọjọ́ Ẹtì, n kò rí ọgbẹ́ tuntun kankan. Ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n bi ara mi ní ohun tó yẹ kí n ti bi ara mi tipẹ́: báwo ni bàbá ṣe ń ṣe tirẹ̀? Oṣù mọ́kànlá ni mo ti lò níbẹ̀, yàrá ìwọ̀n ni mo sì máa ń wà ní gbogbo ọjọ́ Ajé. N kò tíì dúró wò ó rí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó láti lọ kí i kú àṣẹ̀yìndè. Ilé rẹ̀ wà ní ọ̀nà tó lọ sí Bọ́lọ́rundúró. Wọ́n fún mi ní iyán, mo jẹun tán, ó sì mú mi lọ sẹ́yìn ilé láti wo ọ̀yà tó ń sìn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó lè tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń fi àdá gé koríko fún wọn.

"Akọ kan, abo mẹ́rin," bàbá ní. "Ìdílé kan nìyẹn. Ìdílé kejì wà lẹ́yìn pákó yẹn. Tí o bá fi akọ méjì pọ̀, wàá fi ọ̀kan se ọbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ó ń kó ìdílé àkọ́kọ́ sínú yàrá tó ti fọ̀. Kó tó kó wọn, ó padà sínú yàrá àtijọ́, ó bu ẹ̀kúnwọ́ koríko tó ti rin fún ìtọ̀, ó sì fọ́n ọn ká ilẹ̀ yàrá tuntun.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn, bàbá?"

"Kí wọ́n lè mọ̀ pé ilé wọn ni. Tí wọn ò bá gbóòórùn ara wọn, ara wọn ò ní balẹ̀."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń ṣe fún àwọn eku?"

Ó wò mí bíi pé mo bi í bóyá ó máa ń fi omi wẹ̀. "Báwo ni kí n ṣe wá ṣe é? Ẹ̀kúnwọ́ kan fún kéèjì kan. Ọjọ́ tí mo ti ń ṣe é ti pẹ́."

Lójú ẹsẹ̀ ni mo rí i bó ṣe lè jẹ́. Níbi tí akọ kan ṣoṣo wà, òórùn rẹ̀ ni òórùn ilé. Níbi tí akọ márùn-ún wà, ìtọ̀ márùn-ún ló wà nínú ẹ̀kúnwọ́ náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì rò pé òun ló nilé. Mo ní ó lè jẹ́. Mo fa ìwé jótà mi yọ, mo kọ ọ̀rọ̀ bàbá sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Àṣìṣe mi nìyẹn. Kò yẹ kí n kọ ọ́ níbẹ̀.

"Àǹtí, kí lẹ̀ ń kọ?" ọmọ rẹ̀ ní.

"Ohun tí bàbá sọ ni."

"Ẹ kà á kí n gbọ́."

Mo kà á. Ó dìde, ó ju àdá sílẹ̀.

"Èyí tí wọ́n fẹ́ fi gba lẹ́tà bàbá mi lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá kí wa kú àṣẹ̀yìndè, ẹ jẹ iyán ilé wa, ẹ wá ń kọ bàbá mi sílẹ̀ bí ọlọ́pàá."

"Mi ò tíì sọ pé òun ló fà á."

"Ṣùgbọ́n ẹ máa sọ ọ́."

"Tó bá jẹ́ òótọ́, màá sọ ọ́."

N kò lè sọ bóyá àtẹ́lẹwọ́ ló fi gbá mi tàbí ìkúùkù. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi, etí òsì mi sì ń han. Ó gbá mi lẹ́ẹ̀kejì, mo fi ẹ̀yìn lu pákó tó pín yàrá àwọn ọ̀yà, pákó náà sì wó pẹ̀lú mi. Ó ta mí nípàá ní ìhà. Ó já ìwé náà gbà, ó fà á ya sí méjì. "Eku," ó ń wí. "Ẹ fẹ́ torí eku ba ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n jẹ́."

Bàbá ti mú àdá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó pẹlẹbẹ ló fi nà án lẹ́yìn, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọ náà yíjú padà, ó gbé apá sókè, ojú àdá sì wọ ẹran apá rẹ̀. Mo rí funfun nínú ọgbẹ́ náà kí ẹ̀jẹ̀ tó bò ó. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo apá náà bíi pé ti ẹlòmíràn ni.

Nígbà tí bàbá ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ di ọgbẹ́ náà, àwọn akọ ọ̀yà méjèèjì ti gba ibi tí pákó wó pàdé. Kò sí ẹni tó lè lọ là wọ́n. Mo wà nílẹ̀, n kò jìnnà sí wọn ju ìgbésẹ̀ méjì lọ, mo sì gbọ́ bí eyín ṣe ń ya awọ. Ẹ̀kúnwọ́ koríko náà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Èyí tó kéré kú kí a tó kúrò níbẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ ti fà ya.

Ní ilé ìwòsàn, mo ka aranpọ̀ apá ọmọ náà bí nọ́ọ̀sì ṣe ń rán an: mọ́kànlá. Èdè Oǹdó ni òun àti bàbá rẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìkàrẹ́ ni wọ́n ti bí mi, ìdajì rẹ̀ ni mo gbọ́, n kò sì ní kọ èyí tí n kò gbọ́. Nígbà tó yá, bàbá wá jókòó tì mí.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Mi ò mọ̀, bàbá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí a lè gbà mọ̀."

"Tó bá wá jẹ́ èmi ni ńkọ́?"

"Màá kọ ọ́."

Ó wo ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wo ètè mi tó wú. "Ó dáa," ó ní. "Ọjọ́ Ajé."

Ní ọjọ́ Ajé, kéèjì mẹ́wàá ṣì wà tí akọ inú wọn pé márùn-ún. Mo kọ nọ́ńbà wọn sórí ìwé pélébé, mo dà wọ́n sínú korobá, mo sì ní kí bàbá fúnra rẹ̀ mú márùn-ún láìwò. Àwọn márùn-ún yẹn ló pààrọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun pákó tó ti dọ̀tí. Àwọn márùn-ún yòókù, ìtẹ́ wọn nìkan la kó. Ọwọ́ rẹ̀ kan náà ló fi ṣe méjèèjì. Kò tíì tó wákàtí kan tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ igbe, ó tinrín, ó sì ń dún láti ẹ̀gbẹ́ tí a to àwọn tó gba ẹ̀kúnwọ́ sí. Bàbá ní kò yẹ kí a wò wọ́n títí di àárọ̀, kí a má bàa da ìdánwò náà rú. Mo gbà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago méje, ó ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn márùn-ún tó gba ẹ̀kúnwọ́, ọgbẹ́ wà nínú mẹ́rin, òkú sì jẹ́ mẹ́fà. Ó tẹ́ àwọn òkú náà sórí aṣọ funfun, ó fi ìka kà wọ́n, ó tún wọn kà. Ọ̀kan kò ní ojú méjèèjì. Nínú àwọn márùn-ún yòókù, mo rí ojú eyín kan lára ìrù kan. Kò sí òkú.

"Ọwọ́ mi ni," ó ní.

"Kéèjì mẹ́wàá péré ni, bàbá. Kò tíì tó láti fi sọ pé..."

"Ọmọ mi, má tù mí nínú."

Kì í ṣe pé mo ń tù ú nínú. Mẹ́wàá kò pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè mí ní ọmọ dípò ìyàwó, mo sì mú bírò, mo kọ iye àwọn òkú náà sílẹ̀.

Ọ̀gá ka ojú ìwé tí mo kọ àbájáde náà sí, kò gbé ohùn sókè. "Mi ò lè fi ìran tí ara wọn ti bàjẹ́ báyìí wọn ohunkóhun. Ẹ pa gbogbo akọ náà. Ẹ fi kéèjì kan sílẹ̀ kí ìran má bàa parẹ́."

Ní ọjọ́rú, èmi àti bàbá pa wọ́n. Ìka méjì la máa ń tẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn orí eku, ọwọ́ kejì á di ìdí ìrù mú, a ó sì fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá tọ̀nà, ọrùn á yọ, á sì parí. Bàbá kò ṣì í lẹ́ẹ̀kankan. Èmi ṣì í lẹ́ẹ̀mejì, eku kejì sì yí orí padà gé mi jẹ lójú ìka kí n tó lè tún un fà. Ẹ̀jẹ̀ mi àti tirẹ̀ pọ̀ lórí ìbọ̀wọ́. Nígbà tí a ṣe tán, àpò ọ̀rá náà ṣì gbóná nígbà tí mo gbé e.

Ní ọjọ́bọ̀, ọ̀gá ní kí n kọ àlàyé tó máa bá àkọsílẹ̀ lọ, kí ẹni tó bá kà á lè mọ̀ pé ìjà inú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí lórí àbùdá. "Kí o sì kọ orúkọ ẹni tó ṣe é," ó ní.

Mo kọ́kọ́ wá ìwé tó sọ bí a ṣe gbọ́dọ̀ pààrọ̀ kéèjì nínú gbogbo fáìlì ilé náà. Kò sí. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ fún bàbá rí. Èmi tí iṣẹ́ mi sì jẹ́ láti kọ gbogbo ohun tó kan àwọn eku náà, n kò kọ ọ́, n kò sì wò ó. Nítorí náà mo kọ pé: "A máa ń kó ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun pákó tó ti dọ̀tí sínú kéèjì tuntun."

"'A' wo?" ọ̀gá ní. "Ṣé ìwọ náà bu ẹ̀kúnwọ́ ni?"

"Rárá, mà. Ṣùgbọ́n mi ò wo ẹni tó ń bù ú. Ilé yìí ò sì kọ bó ṣe yẹ kó ṣe é."

"Àwọn tó máa kà á ò bìkítà nípa ẹni tó bù ú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìdí tí mi ò fi kọ orúkọ nìyẹn."

Ó wo ètè mi fún ìgbà díẹ̀. Kò tíì bi mí rí ohun tó ṣe é.

"Lẹ́tà bàbá ńkọ́, mà?"

"Màá rò ó."

Ní ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo ṣí ojú ewé náà lórí kọ̀ǹpútà bí àlejò ṣe máa ṣí i. Àkọsílẹ̀ wà níbẹ̀, àlàyé mi wà lókè rẹ̀, "a" tí mo kọ sì wà bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ìpàdé gbà mí ní gbogbo àárọ̀. Akọ̀wé ọ́fíìsì sọ fún mi pé ọ̀gá ti fọwọ́ sí lẹ́tà ìfẹ̀yìntì bàbá. Dírẹ́bà ní lẹ́tà tí wọ́n fi lé e lẹ́nu iṣẹ́ ni. N kò rí lẹ́tà kankan, bàbá kò sì gbé fóònù rẹ̀, nítorí náà n kò lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Mo wọ yàrá àwọn eku ní aago méjì ọ̀sán, ti ara ògiri. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo ṣí kéèjì kan ṣoṣo tó kù nínú ìran náà, mo gbé akọ márààrún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo wo ìrù, ìdí, ikùn àti ojú wọn. Kò sí ọgbẹ́. Ìyẹ̀fun pákó inú rẹ̀ mọ́, ó gbẹ. Káàdì wà lára kéèjì náà, bàbá tí kò kọ nǹkan kan sórí káàdì rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ti fi bírò kọ ọjọ́ òní sí i, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ìtẹ́ wọn nìkan ni mo kó."